Aṣọ Tí Ó Wọ Inú Ọ̀sà

Àwọn baba wa a máa wí pé aṣọ ni à ń kí kí a tó kí ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń wo ìtàn etí ọ̀sà, láti Lẹ́kí títí dé Ajah, mo rí i pé ó yẹ kí a bi aṣọ náà léèrè: kí ni a fi hun ọ́, níbo ni o sì ń lọ nígbà tí o bá gbó?

Òwú ni ti àtijọ́. Nínú ìwé tí Ọ̀gákọ̀ John Adams tẹ̀ jáde ní 1823, ó wí pé wọ́n ń ra aṣọ Ìjẹ̀bú ní Èkó láti kó o lọ sí Bùràsíìlì. Nígbà tí Kòsọ́kọ́ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní 1851, àwọn ènìyàn rẹ̀ ń fi epo pupa ṣòwò pẹ̀lú òyìnbó ní Palma àti Lẹ́kí. Aṣọ tí òyìnbó ń kó wá nígbà náà pàápàá, òwú ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí òwú bá sì gbó, ilẹ̀ a jẹ ẹ́ tán.

Ní 1938 ni ilé-iṣẹ́ DuPont kéde náílọ́ọ̀nù ní Amẹ́ríkà. Ní 1941, Whinfield àti Dickson ṣàwárí èyí tí a wá ń pè ní tẹ́rílìn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lónìí, inú epo rọ̀bì ni a ti ń mú ohun tí a fi ń ṣe wọ́n. Aṣọ náà lágbára, kò sì fẹ́ áyọ́ọ̀nù púpọ̀. Àwọ̀n náílọ́ọ̀nù sì gba ipò àwọ̀n òwú lọ́wọ́ apẹja.

Àìgbó yìí gan-an ló di wàhálà. Ní 2011, Mark Browne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé aṣọ kan lè tú fọ́nrán tí ó lé ní 1,900 sínú omi ní ìfọ̀ kan ṣoṣo. Omi ìfọṣọ ń gba gọ́tà lọ sí ọ̀sà, ẹja àti edé ń gbé fọ́nrán náà mì, àwa náà ń jẹ wọ́n. Eruku inú ilé pàápàá ń gbé e bọ́ sínú àwo ọbẹ̀.

Ǹjẹ́ ó ń pa wá lára? Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ níhìn-ín. Ní 1998, àwọn dókítà ní Rhode Island kọ̀wé nípa àwọn òṣìṣẹ́ tí eruku náílọ́ọ̀nù ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́. Ìyẹn jẹ́ ti èyí tí a fà símú. Ní ti èyí tí a gbé mì, ìfun àwọn eku tí a fi dánwò wú. Ṣùgbọ́n èyí tí a fún wọn pọ̀ gan-an, hóró róbótó ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀, kì í ṣe fọ́nrán. Nítorí náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi wí ní 2022 pé ẹ̀rí kò tíì tó láti dá ẹjọ́ náà.

Ẹni tí ó bá ní kí ará Ajah má jẹ ẹja mọ́, èmi kò sí lẹ́yìn rẹ̀: ẹja ni oúnjẹ, ẹja ni owó ilé-ìwé ọmọ. Ẹni tí ó bá sì ní kí a káwọ́ gbera títí ẹ̀rí yóò fi pé, èmi kò bá a lọ, nítorí fọ́nrán tí ó ti wọ ọ̀sà kò ṣeé ṣà mọ́.

Ilé-ìfọpo Dangote bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí ní 2024. Ní 2025 ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣe polypropylene, èyí tí a fi ń hun àpò àti okùn. Èbúté tí ń gba aṣọ àjèjì nígbà kan ti di ibi tí ohun ìhunṣọ ti ń jáde. Ọ̀rọ̀ náà ti di tiwa. Kí ìjọba sẹ́ omi ìdọ̀tí kí ó tó dé ọ̀sà. Kí àwa náà fa ìfun ẹja jáde, kí a sì má jẹ́ kí aṣọ òwú parẹ́ nínú àpótí wa. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.