Ẹni tí ó Jẹ̀bi kì í ṣe Òpùrọ́

Ní èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń pe ẹni tí ó pàdánù ẹjọ́ níwájú adájọ́ àti ẹni tí ó hùwà àìtọ́: a ní ó jẹ̀bi. Ẹni tí ó borí ní ilé-ẹjọ́ àti ẹni tí òtítọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, a ní àwọn méjèèjì jàre. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní èdè yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kan ni ó là mí lójú sí ìtumọ̀ méjì tí ó fara pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹnì kan gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ó ní ẹlẹ́rìí, ṣùgbọ́n kò ní ìwé. Nígbà tí lọ́yà sọ fún un pé bí ó bá jẹ̀bi, adájọ́ lè ní kí ó san nínú ìnáwó ẹni tí ó fẹ́ pè lẹ́jọ́, ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ní, "Àbúrò mi, n kò purọ́, ṣùgbọ́n mo lè jẹ̀bi."

Òfin tí ó ba ẹ̀gbọ́n mi lẹ́rù yìí kò ti ààfin àwọn ọba wa wá. Láyé àtijọ́, iwájú baálé ni ẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ìjòyè tàbí ọba. Olúkúlùkù ni ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ rojọ́, nítorí náà kò sí owó agbẹjọ́rò tí a óò máa bi ara wa pé ta ni yóò san án. Ní ọdún 1861 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó; ní 1863 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di òfin níbẹ̀, tòun ti ọ̀rọ̀ ìnáwó ẹjọ́.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni òfin náà dàgbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí olùpẹjọ́ bá pàdánù, ọba ni ó ń san owó ìtanràn fún, nítorí pé ó ké igbe èké. Olùjẹ́jọ́ tí ó ti náwó, tí ó sì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ẹjọ́, kò rí kọ́bọ̀ gbà. Ní 1278, nígbà Ọba Edward Kìn-ín-ní, òfin kan tí a ṣe ní Gloucester fún olùpẹjọ́ tí ó jàre ní ẹ̀tọ́ láti gba ìnáwó rẹ̀ mọ́ owó gbà-máà-bínú. Olùjẹ́jọ́ tí ó jàre ṣì dúró lójú kan. Ó di 1531, nígbà Ọba Henry Kẹjọ, kí òfin tó rántí òun náà nínú irú àwọn ẹjọ́ kan. Ní 1607 ni wọ́n sì fẹ òfin náà lójú sí i. Báyìí ni ó ṣe di àṣà níbẹ̀ pé ẹni tí ó bá jẹ̀bi ni yóò ru ẹrù tirẹ̀ àti ti ẹnì kejì.

Àwọn ará Amẹ́ríkà kò tẹ̀lé wọn. Ní 1796, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ níbẹ̀ yọ owó agbẹjọ́rò tí ó tó 1,600 dọ́là kúrò nínú owó tí ilé-ẹjọ́ kékeré ti ní kí wọ́n san. Láti ìgbà náà, ohun tí ó wọ́pọ̀ níbẹ̀ ni pé kí olúkúlùkù san owó agbẹjọ́rò tirẹ̀. Ní 1967, ilé-ẹjọ́ náà ṣàlàyé ìdí rẹ̀: kò yẹ kí a fìyà jẹ ènìyàn kìkì nítorí pé ó pe ẹjọ́ tàbí pé ó jẹ́jọ́, kí ẹ̀rù má baà ba tálákà láti wá ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Ẹwà òfin yìí ní àbùkù tirẹ̀. Ẹni tí kò ní ẹjọ́ kan lọ́wọ́ lè pe ọmọnìkejì rẹ̀ lẹ́jọ́, kí ìyẹn sì fún un lówó kí ó lè sinmi, nítorí pé owó lọ́yà ju owó ìpẹ̀tù lọ. Irú ìbẹ̀rù yìí ni àwọn dókítà ìpínlẹ̀ Florida ní tí wọ́n fi polongo fún òfin kan ní 1980: nínú ẹjọ́ tí a bá fi kan oníṣègùn, ẹni tí ó bá jẹ̀bi ni yóò san owó agbẹjọ́rò ẹnì kejì. Kò pẹ́ tí ojú wọn fi là. Bí aláìsàn bá jẹ̀bi, a kì í sábà rí owó gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí dókítà bá jẹ̀bi, owó ńlá ni. Ní 1985, wọ́n pa òfin náà rẹ́. Àwọn onímọ̀ tí ó yẹ ìtàn náà wò lẹ́yìn náà rí i pé ẹjọ́ tí àwọn olùpẹjọ́ fà sẹ́yìn pọ̀ sí i, àti pé àwọn tí ó dé iwájú adájọ́ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òfin náà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́ bí àwọn tí ó bẹ̀bẹ̀ fún un ṣe rò.

Ojú ọ̀nà kẹta wà, òun ni ó sì wù mí jù. Ní 1978, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà pinnu pé nínú ẹjọ́ lórí ìyànsípò iṣẹ́ tí ó ní ẹ̀tà ẹlẹ́yàmẹ̀yà nínú, olùjẹ́jọ́ tí ó jàre kò lè gba owó agbẹjọ́rò lọ́wọ́ olùpẹjọ́ àfi bí ẹjọ́ náà bá jẹ́ asán tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá yí padà: láti 2013, ẹni tí ó pe ẹjọ́ nítorí ìpalára sí ara rẹ̀, tí ó sì pàdánù, kì í sábà san ìnáwó olùjẹ́jọ́, àyàfi bí adájọ́ bá rí i pé èké pọ́ńbélé ni ó pa. Ó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún láti Gloucester kí wọ́n tó ya òpùrọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó kàn jẹ̀bi.

Mo mọ̀ pé ọ̀nà yìí náà kò ṣàìní ìpalára. Olùjẹ́jọ́ tí a pè pẹ̀lú òtítọ́ inú, tí ó sì jàre, yóò san owó lọ́yà rẹ̀ láìrí i gbà padà. Ẹrù náà kò pòórá. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ rù ú. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀, tí kò sì kúnlẹ̀, òun ni ó yẹ kí ìnáwó wọ̀ lọ́rùn. Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ̀ pé òun jẹ̀bi. Ohun tí ó mọ̀ ni pé òun kò ní ìwé. Ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó gbà á, kò sì sí adájọ́ kan tí ó tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ẹnu rẹ̀.