Kóòdù EVAP lára jíìpù: Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ yẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó náwó

Iná "check engine" tàn lójú dáṣíbọọ̀dù, ṣùgbọ́n jíìpù náà ń rìn dáadáa, kò gbọ̀n, kò sì yọ èéfín. Wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ rewáyà, ó ki scanner bọ̀ ọ́, kóòdù P0455 ló jáde. Ká tó wí ká tó fọ̀, ẹnì kan ti ní kí wọ́n ra fáàfù tuntun, ẹlòmíì ní táńkì ni wọ́n máa sọ̀, ẹni kẹta ní kí wọ́n kàn yọ gílóòbù iná ọ̀hún kí ọkàn onímọ́tò lè balẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé ìdérí táńkì ni wọn ò dé dáadáa lẹ́yìn tí wọ́n ra epo tán.

Kí ni EVAP ń ṣe nínú ọkọ̀?

Bí oòrùn bá ti ń pa táńkì, apá kan nínú epo bẹntiróò á máa di afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ yìí ń ba àyíká jẹ́, ó sì tètè ń gbiná. EVAP ni kì í jẹ́ kó jáde síta.

Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń gbé afẹ́fẹ́ epo náà láti táńkì lọ sínú canister, ìyẹn agolo oníke tí eédú wà nínú rẹ̀. Eédú á fà á mọ́ra. Tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, purge valve á ṣí, ẹ́ńjìnì á fa afẹ́fẹ́ epo náà, á sì jó o. Vent valve ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ìta wọlé sínú canister.

Lóòrèkóòrè, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ máa ń ti gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí pa láti mọ̀ bóyá ibì kan ń jò. Tó bá ń jò, iná á tàn.

Láti ọdún 1996 ni wọ́n ti sọ ọ́ di dandan ní Amẹ́ríkà pé kí àwọn ọkọ̀ tuntun ní ètò OBD-II tó ń ṣọ́ nǹkan báyìí. Ìdí nìyẹn tí jíìpù tòkunbọ̀ tó wá láti ọ̀hún fi ń gbé kóòdù EVAP jáde, pàápàá tí rọ́bà rẹ̀ bá ti gbó.

Kí ni àwọn kóòdù náà ń sọ?

- P0455: ibi tó ń jò tóbi.
- P0442: ibi tó ń jò kéré.
- P0456: ihò bíńtín ni, ó lè má ju ìdajì mìlímítà lọ.
- P0457: ẹ yẹ ìdérí táńkì wò.
- P0441: afẹ́fẹ́ epo kò gba purge valve kọjá bó ṣe yẹ.
- P0446: ọ̀rọ̀ kan vent valve tàbí wáyà rẹ̀.

Àdúgbò ni kóòdù ń júwe, kì í sọ nọ́ńbà ilé. Ẹ má torí kóòdù nìkan ra páàtì.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò gba owó púpọ̀

1. Ìdérí táńkì. Ẹ wo rọ́bà róbótó tó wà lára rẹ̀ bóyá ó ti sán. Ẹ dé e títí tó fi máa dún. Ọ̀rá tí àwọn kan fi ń wé ẹnu táńkì kò lè ṣe iṣẹ́ ìdérí. Tẹ́ ẹ bá máa ra òmíràn, kó jẹ́ ti irú ọkọ̀ yẹn gan-an.

2. Àwọn rọ́bà. Kí mẹkáníìkì tọ̀ wọ́n láti ẹ́ńjìnì dé táńkì. Ó lè sán, ó lè já, eku sì lè ti jẹ ẹ́.

3. Purge valve. Tí wọ́n bá yọ wáyà rẹ̀, ó yẹ kó wà ní títì. Tí afẹ́fẹ́ bá ṣì ń gbà á kọjá, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Àmì rẹ̀ ni pé ọkọ̀ máa ń ṣòro láti sítáàtì kété tí wọ́n bá ra epo tán. Kí ẹnikẹ́ni má fi ẹnu fà á o.

4. Vent valve àti canister. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ̀yìn lábẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n wà, tí ẹrẹ̀ àti eruku ti ń bá wọn. Tí ẹnu páǹpù bá ń já lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí wọ́n ń ta epo síi, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ fura sí.

5. Ẹ̀rọ èéfín. Tí gbogbo èyí ò bá gbé nǹkan jáde, wọ́n á fi ẹ̀rọ fẹ́ èéfín sínú EVAP pẹ̀lú agbára díẹ̀. Ibi tí èéfín bá ti yọ ló ń jò. Kí wọ́n má lo ẹ̀rọ tí fọ́kánáísà fi ń fẹ́ táyà, agbára rẹ̀ ti pọ̀ jù, ó lè ba nǹkan jẹ́.

Ṣé wọ́n lè máa wa ọkọ̀ náà lọ?

Àléébù EVAP nìkan kì í sábà dá ọkọ̀ dúró lọ́nà. Àmọ́ tí òórùn epo bá ń rùn gan-an, tàbí tí epo ń kán sílẹ̀, ẹ gbé ọkọ̀ sí gbangba, ẹ má ṣáná, ẹ má mu sìgá nítòsí, kẹ́ ẹ sì pe mẹkáníìkì wá bá a níbẹ̀.

Yíyọ gílóòbù iná náà ló léwu jù. Iná kan náà ló ń kéde àìsàn ẹ́ńjìnì tó le ju èyí lọ. Tó bá ń ṣẹ́jú, ẹ́ńjìnì kò jó epo rẹ̀ dáadáa nìyẹn, ẹ tètè wá ibi páàkì. Ẹni tó ti yọ gílóòbù kò ní rí ìkìlọ̀ yìí títí ẹ́ńjìnì á fi bàjẹ́.

Lẹ́yìn àtúnṣe

Kí wọ́n pa kóòdù náà rẹ́, kẹ́ ẹ wa ọkọ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí wọ́n tó tún fi scanner wò ó. Ẹ jẹ́ kí epo wà láàárín ìdá mẹ́rin kan sí ìdá mẹ́rin mẹ́ta táńkì, torí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kì í ṣe àyẹ̀wò EVAP tí táńkì bá kún tàbí tó bá fẹ́ẹ̀ gbẹ.

Nílé epo, tí páǹpù bá ti já, ó tó. Ẹ má ní kí wọ́n rọ ọ́ dé ẹnu. Epo tó bá ṣàn wọ canister á ba eédú inú rẹ̀ jẹ́, owó canister sì ju owó ìdérí táńkì lọ fíìfíì.