Tírígà, Láti Orí Àkàtàǹpó Wá Sórí Ìbọn

Irin kékeré méjì ni gbogbo ọ̀rọ̀ tírígà dá lé. Ọ̀kan ní ìkọ́, ó fi di èkejì mú. Èkejì yìí ni sípíríǹgì líle ń tì lẹ́yìn pé kó sáré lọ lu ìdí ọta. Ìka fa tírígà, ìkọ́ yọ, ìbọn dún. Bí ojú ibi tí méjèèjì ti pàdé bá rí págunpàgun, á máa fà, á máa dúró, ọwọ́ á sì ti yẹ̀ kúrò lójú ibi tí wọ́n ń wò kí ọta tó jáde. Lójú tèmi, wíwúwo nìkan kọ́ ni ọ̀tá: tírígà tó wúwo tó sì ń yọ̀ geere sàn ju èyí tó fúyẹ́ tó ń họ lọ.

Àwọn ará Ṣáínà ti mọ iṣẹ́ yìí kí ẹnikẹ́ni tó mọ ìbọn. Lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun alámọ̀ tí wọ́n sin ti Qin Shi Huang, ọba tó kú ní 210 ṣáájú ìbí Kristi, wọ́n hú tírígà àkàtàǹpó tí wọ́n fi idẹ rọ. Igi àkàtàǹpó ti jẹrà. Idẹ ṣì wà.

Ìbọn ìbẹ̀rẹ̀ kò ní tírígà rárá, iná ni wọ́n ń fi ọwọ́ tì bọ ihò ẹ̀tù. Nígbà tó yá ni irin wíwọ́ tó di okùn oníná mú dé, lẹ́yìn náà ni ti olókùúta, irú èyí tí àwọn ọdẹ wa mọ̀ sí ṣakabùlà.

Ọdẹ ilẹ̀ Jámánì kò fẹ́ fífà líle. Wọ́n ṣe tírígà méjì sórí ìbọn kan: wọ́n á fa ọ̀kan títí á fi dún kọ́, èkejì á wá rọ̀ débi pé bí ìka bá ṣáà ti kàn án, ó ti yìn. Àwọn alágbẹ̀dẹ wọn ló gbé e dé Pennsylvania ní Amẹ́ríkà.

Ìjọba kò fẹ́ irú ẹ̀ lọ́wọ́ ṣọ́jà tó ń sáré, tó ń ṣubú, tí òtútù ti sọ ìka rẹ̀ di igi. Nínú Mauser 1898, ìbọn ológun ilẹ̀ Jámánì, ìkọ́ jinlẹ̀, gegele méjì sì wà lórí tírígà. Ti àkọ́kọ́ ń fa ìkọ́ wálẹ̀ wẹ́rẹ́, títí ìka á fi kan ibi tó le bí ògiri; ibẹ̀ ni gegele kejì ti ń gba iṣẹ́.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, irú ìbọn bẹ́ẹ̀ di ọjà pọ́ọ́kú ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọdẹ ń rà á, wọ́n ń tún igi rẹ̀ gbẹ́ lẹ́yìnkùlé ara wọn. Gbogbo ẹ̀ á dára tán, tírígà á ṣì máa wọ́ bí ẹni wọ́ àpò yangan. Àwọn kan ń fi ayùn ha á, àṣé awọ líle orí irin náà kò nípọn. Tó bá ti ṣí, irin rírọ̀ ló kù, ìkọ́ tó sì ti jẹ lè já nígbà tí ẹnikẹ́ni ò fà á. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Timney ti rí oúnjẹ jẹ láti 1946, pẹ̀lú odindi tírígà tuntun. Ní 2002, ilé iṣẹ́ ìbọn Savage gbé tírígà tí wọ́n pè ní AccuTrigger jáde: abẹ irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín rẹ̀, bí ìka ò bá tẹ̀ ẹ́ wọlé, ìbọn kì í yìn.

Nínú ìdíje ìbọn ológun ní Camp Perry, ìpínlẹ̀ Ohio, tírígà kò gbọdọ̀ fúyẹ́ ju pọ́ùn 4.5 lọ. Wọ́n á fi òṣùwọ̀n kọ́ ọ, wọ́n á gbé ìbọn òfìfo náà sókè, ẹnu rẹ̀ á kọjú sí ọ̀run. Bí irin bá já kí òṣùwọ̀n tó kúrò nílẹ̀, kí oníbọn lọ tún un ṣe.