Kí Ló Pa Bàbá Sójà?

Ọmọ ọdún 16 ni Isaac Fadoyebo, ará Ẹmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, nígbà tó wọṣẹ́ ológun lọ́dún 1942. Ní oṣù kẹta 1944, àwọn ará Japan yìnbọn lù wọ́n létí odò Kaladan ní Bọ́mà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ fọ́. Àwọn àgbẹ̀ Mùsùlùmí ibẹ̀ ló fi í pamọ́ fún nǹkan bí oṣù 9. Títí tó fi kú lọ́dún 2012, ẹsẹ̀ yẹn kò sàn tán.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kú, ta ni yóò gbà pé ogun ló pa á? Òfin tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún ọmọ-ogun tirẹ̀ ní bó bá kú láàárín ọdún 7 tó bọ́ aṣọ, ìjọba ni yóò fi hàn pé kì í ṣe ogun. Bó bá ju bẹ́ẹ̀, opó ni yóò mú ẹ̀rí wá.

Bí tiwọn bá le báyìí, ẹ wo tiwa. Nígbà kan, ní Oníyanrìn, ìyá arúgbó kan, opó sójà Bọ́mà, fi ìwé ọkọ rẹ̀ hàn mí. Ikán ti jẹ nọ́ńbà rẹ̀.

"Ọmọ mi," ló wí, "gbogbo ọyẹ́ ni ojú ọgbẹ́ yẹn máa ń là. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni dókítà kọ."