Oríkèé Irin ní Òkè-Ògùn

Àáké ìbílẹ̀ tí àgbẹ̀ Òkè-Ògùn fi ń la igi kò ní ìṣó lára. Ìdí irin rẹ̀ rí ṣóńṣó, inú ihò tí wọ́n dá sí orí ẹ̀rú ni ó ń gbà wọlé. Bí àgbẹ̀ bá ṣe ń sọ ọ́ sára igi, bẹ́ẹ̀ ni irin náà ń wọnú ẹ̀rú sí i, tí ó ń le sí i. Ti ọkọ́ yàtọ̀: irin ọkọ́ ni ó máa ń ká mọ́ igi lára. Ti ọ̀bẹ náà tún yàtọ̀: wọ́n á fi ìrù rẹ̀ sínú iná títí yóò fi pọ́n, wọ́n á wá kì í bọ inú èèkù kí ó jó ọ̀nà fún ara rẹ̀. Irinṣẹ́ mẹ́ta, oríkèé mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ wà lórí alágbẹ̀dẹ láìsí ìwé kankan.

Ọgbọ́n yìí kò ṣàdédé wà. Ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, ní ohun tí iṣẹ́ irin ń béèrè: òkúta tí irin wà nínú rẹ̀, amọ̀ tí a fi ń mọ ìléru, àti igi líle bí àyin tí èédú rẹ̀ gbóná gan-an. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní Ṣakí so ìlú náà mọ́ Ògún. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé wà lójú ọpọ́n, ẹṣin ni agbára ogun rẹ̀, ẹlẹ́ṣin kò sì lè ṣe láìsí ìjánu, ọ̀kọ̀ àti idà. Ọwọ́ alágbẹ̀dẹ ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá.

Ní 1904, C. V. Bellamy, òyìnbó tí ó ń bójú tó iṣẹ́ òde fún ìjọba Èkó, kọ̀wé nípa ìletò kan ní agbègbè Ọ̀yọ́ tí ó pè ní Ola-Igbi. Yíyọ irin ni iṣẹ́ ìletò náà. Wọ́n á yan òkúta lórí iná, wọ́n á gún un nínú odó, wọ́n á sì fi omi ṣàn án kí iyanrìn lè kúrò. Inú ìléru alámọ̀ tí òrùlé bò ni wọ́n ń kó o sí pẹ̀lú èédú, iná náà sì ń jó ju ọ̀sán kan àti òru kan lọ. Wọn kì í da ìdàrọ́, ìyẹn pàǹtí tí ó ń yọ́ kúrò lára irin, nù tán. Wọ́n ń ṣa èyí tí ó yẹ nínú ti àtẹ̀yìnwá padà sínú iná, kí ó lè fa ìdọ̀tí kúrò lára irin. F. W. Harbord, onímọ̀ irin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó yẹ àwọn ohun tí Bellamy kó wá wò, àbájáde rẹ̀ sì wà lẹ́yìn àpilẹ̀kọ náà.

Ìṣù irin tí ó ti inú ìléru jáde ṣì ní ihò àti ìdàrọ́ nínú. Alágbẹ̀dẹ ni yóò tún un fi sínú iná, tí yóò fi owú lù ú títí yóò fi fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí ó bá fẹ́ so irin méjì pọ̀, àwọ̀ iná ni yóò máa wò. Pípọ́n kò tó. Ó gbọ́dọ̀ funfun kí ó tó gbé ọ̀kan lé èkejì, kí ó sì lù wọ́n kíákíá. Bí ó bá tètè yọ ọ́, wọn kò ní lẹ̀. Bí ó bá pẹ́ jù, irin á jóná.

Sámúẹ́lì Johnson, àlùfáà tí ó parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897, ti rí ìyípadà tí ń bọ̀. Ó ní láyé àtijọ́, láti orí ohun ìjà títí dé abẹ́rẹ́, ilé ni wọ́n ti ń rọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọjà òyìnbó, tí ó dín lówó bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lálòpẹ́ tó, ti ń lé e kúrò lọ́jà. Ní 1901, ọkọ̀ ojú irin láti Èkó ti dé Ìbàdàn. Ìléru kú, àgbẹ̀dẹ kò kú. Irin tí ọkọ̀ gbé wá, àti sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ti bàjẹ́, ni wọ́n ń rọ di ọkọ́ àti àdá. Lẹ́yìn náà ni wẹ́dà dé pẹ̀lú iná mànàmáná, tí ó ń jó irin pọ̀ di géètì àti ẹ̀rọ tí a fi ń fún ẹ̀gẹ́.

Ní ilẹ̀ òkèèrè, ọ̀nà mìíràn ni ọgbọ́n oríkèé gbà. Ilé ìṣọ́ Eiffel ní Paris, tí wọ́n parí ní 1889, ní ìṣó 2,500,000 tí wọ́n fi iná mú gbóná kí wọ́n tó lù wọ́n wọlé, ṣùgbọ́n orí ìwé ni wọ́n ti kọ́kọ́ ya àwọn irin náà. Lẹ́yìn náà, bóòtù àti wẹ́dìn gba ipò irú ìṣó bẹ́ẹ̀. Ní 1967, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Cambridge fún yíya àwòrán iṣẹ́ ẹ̀rọ lórí kọ̀ǹpútà, níbẹ̀ sì ni PDMS, ètò tí a fi ń ya odidi ilé iṣẹ́ ńlá, ti jáde ní àwọn ọdún 1970.

Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, òpó àti igi àjà onírin kọ́kọ́ ń jẹ́ ìlà lásán tí a fún ní ìrísí àti ìwọ̀n. Níbi tí ìlà méjì ti pàdé, ayàwòrán á mú oríkèé kan láti inú àkójọ: pátákó irin, bóòtù mélòó, wẹ́dìn tí ó nípọn báyìí. Kọ̀ǹpútà á gé orí igi àjà náà kí ó lè bá òpó mu. Bí òpó bá yẹ̀ díẹ̀, oríkèé á tẹ̀ lé e, ètò náà á sì lè fi hàn bí pátákó irin bá fẹ́ forí gbá páìpù. Ilé iṣẹ́ ìfọpo tó tóbi bíi ti Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, tí wọ́n kọ́ láti máa fọ àgbá epo 650,000 lóòjọ́, kò ṣeé fi ojú wọ̀n.

Irú àkójọ oríkèé bẹ́ẹ̀ ni alágbẹ̀dẹ Òkè-Ògùn náà ní. Orí àti ọwọ́ ni ó ń kó o sí. Ewu rẹ̀ nìyẹn: bí ọmọ kò bá jókòó ti ẹwìrì mọ́, àkójọ náà á bá bàbá lọ. Ṣakí ní àgbẹ̀dẹ, ó sì ní Politẹ́kíníìkì Òkè-Ògùn. Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ lọ wọn ìdí àáké, jíjìn ihò ẹ̀rú àti bí irin ọkọ́ ṣe ká mọ́ igi, kí wọ́n ya wọ́n sórí kọ̀ǹpútà bí wọ́n ṣe ń ya oríkèé òpó, kí wọ́n sì kọ orúkọ agboolé alágbẹ̀dẹ tí ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.