Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀: Poro

Poro ni kòtò tóóró tó wà láàárín ebè kan sí èkejì. Lórí ilẹ̀ olókè bíi ti Ìgbájọ, àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ a máa kọ ebè dábùú òkè, kí poro lè dá àgbàrá dúró, kí erùpẹ̀ má bàa wọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí tún bá ara ọkọ̀ òfuurufú mu. Afẹ́fẹ́ tó ń ré kọjá lára ọkọ̀ kì í lọ tààrà. Ó ń rú, ó ń yí po, ó sì ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Bí poro tín-ín-rín bá wà lára ọkọ̀, ìyípo yẹn kò ní ráyè wọnú rẹ̀. Orí ebè nìkan ni yóò máa fara kàn. Ìwádìí NASA fi hàn pé ìfàsẹ́yìn yìí lè dín kù tó ìdá 8 nínú 100. Láti 2022 ni àwọn ọkọ̀ Boeing 777 kan ti ń gbé AeroSHARK, awọ tí àwọn ilé iṣẹ́ Lufthansa Technik àti BASF ṣe, fò. Poro rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú 20 ti mìlímítà kan lọ, ó sì ń dín epo kù ní nǹkan bí ìdá 1 nínú 100.

Ìyàtọ̀ kan wà: poro oko ń dábùú omi, ṣùgbọ́n poro ọkọ̀ gbọ́dọ̀ bá afẹ́fẹ́ lọ. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ wa máa pè é ní poro afẹ́fẹ́.