Atọ́ka iṣẹ́ nínú ètò ìlera alábọ́dé

Atọ́ka iṣẹ́ ni òǹkà tàbí àmì tí a fi ń mọ̀ bóyá ètò kan ń so èso tí a torí rẹ̀ dá a sílẹ̀. Ní Nàìjíríà, ètò abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ ọwọ́ wà lára ibi tí ìlò rẹ̀ ti hàn gbangba jù lọ.

Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ara wọn, ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ wọn yàtọ̀: Ìlobùú ni olú-ìlú Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìfọ́n sì ni ti Òrolú. Ní ilé ìlera alábọ́dé, òṣìṣẹ́ a máa kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ó gba abẹ́rẹ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀. Ní òpin oṣù, wọn a ro iye wọn pọ̀, wọn a fi ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì ti wọ inú DHIS2, ètò orí kọ̀ǹpútà tí Nàìjíríà fi ń kó àkọsílẹ̀ ìlera jọ.

Abẹ́rẹ́ Penta, tí ó ń dènà àrùn márùn-ún, ni a sábà máa ń wò. Ọmọ a máa gbà á lẹ́ẹ̀mẹta: ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Atọ́ka kìn-ín-ní ni iye ọmọ tí ó gba ẹ̀kẹta, tí a pín pẹ̀lú iye ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní àdúgbò náà. Ibí gan-an ni ìṣòro wà. Orí ìkànìyàn ọdún 2006 ni a ti ń ṣírò iye àwọn ará ìlú, a sì ń ka irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí 4 nínú ènìyàn 100. Bí ìyá kan láti Ìlobùú bá gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí Ìfọ́n, Òrolú ni yóò ka abẹ́rẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn ni wọ́n ti ka ọmọ náà mọ́ àwọn tí wọ́n ń retí. Ìjọba ìbílẹ̀ kan lè tipa báyìí kọjá 100 nínú 100, kí èkejì sì dà bí ọ̀lẹ.

Nítorí náà ni atọ́ka kejì, ìyẹn iye àwọn tí ó já dúró lọ́nà, fi ṣeé gbára lé jù, nítorí kò nílò ìkànìyàn rárá. Bí ọmọ 100 bá gba ìkínní, tí 80 péré gba ẹ̀kẹta, 20 nínú 100 ni ó já. Bí ó bá ti kọjá 10, ó yẹ kí alábòójútó wádìí: ṣé oògùn ni ó tán ni, ṣé àwọn ìyá pẹ́ jù lórí ìlà ni, tàbí kò sí ẹni tí ó sọ ọjọ́ ìpadàbọ̀ fún wọn? Lẹ́yìn èyí, a lè yọ orúkọ àwọn ọmọ náà láti inú ìwé, kí a sì wá wọn délé.

Òǹkà kì í sọ ìdí ara rẹ̀. Ní ọdún 2025, ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé ní Ìlobùú, Ìfọ́n àti Ẹrin-Ọ̀ṣun nítorí ìjà ilẹ̀. Bí iye abẹ́rẹ́ bá wálẹ̀ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, kò tọ́ kí a dá nọ́ọ̀sì lẹ́bi.

Àwọn kan ti so owó mọ́ atọ́ka. Ètò NSHIP, tí Báńkì Àgbáyé ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ ní Oǹdó, Adamawa àti Nasarawa, bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ní ọdún 2011. Ó ń sanwó fún ilé ìlera gẹ́gẹ́ bí iye iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, lẹ́yìn tí àwọn olùyẹ̀wò bá ti lọ wá àwọn aláìsàn inú ìwé rí láti mọ̀ bóyá wọ́n wà lóòótọ́. Àwọn ilé ìlera mìíràn gba nǹkan bí ìdajì owó náà láìso ó mọ́ òǹkà kankan. Nígbà tí a wọn àbájáde, ẹgbẹ́ méjèèjì ti tẹ̀síwájú, ìyàtọ̀ àárín wọn kò sì tó nǹkan.